Ẹni Tí Wọ́n Máa Kọ́kọ́ Rí

Ohùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nínú ilé wa ní Sharjah ni ti omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù sínú ike tí Màmá gbé sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè àdúrà máa dé láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò àwọn ará Íńdíà tó ń gbé lórí wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì yóò sì wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun ti jí. Mo ti darúgbó báyìí. Ilé tí mò ń gbé dákẹ́ rọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́, etí mi ṣì máa ń wá ìró omi yẹn kiri. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ọdún tí ọjà Dubai wó lulẹ̀, tí àwọn kíréènì gíga dúró gbagidi lójú ọ̀run láìsí ẹni tó ń wà wọ́n. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò mọ ohun tí báńkì ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí èmi rí ni pé àga ń ṣófo nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àti pé àwọn mọ́tò tí àwọn tó ni wọ́n ti sá lọ wà níwájú ilé wa, tí eruku ń kún wọn, títí àwọn ọmọ fi ń fi ìka kọ orúkọ ara wọn sí wọn lára.

Òkè kẹta ni a ń gbé, nínú ilé gíga kan tó kọjú sí ọ̀sà. Bí a bá dúró sójú fèrèsé pálọ̀, Al Mamzar tó jẹ́ ti Dubai ni a ń wò ní òdìkejì omi. Bàbá mi ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pèsè ẹ̀ṣọ́ fún àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ní Muhaisnah, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Táì ni ó máa ń dè lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń kun bàtà rẹ̀ ní pólíìṣì láràárọ̀. Ó máa ń tẹrí ba wo bàtà náà kí ó tó wọ̀ ọ́. “Délé, mi ò rí eyín mi níbí o.” “Ẹ tún un wò, sà.” Yóò la ẹnu, yóò tún un wò. “Hẹn-ẹn, mo ti rí ọ̀kan.” Màmá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a máa ń jókòó ti ara wa pẹ́, nítorí ọjọ́ náà ni a máa ń jẹ àkàrà. Ẹ̀wà tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Pakístánì ni, èmi ni mo máa ń bó o nínú abọ́ ńlá, bí mo bá sì ń ráhùn, Màmá á ní, “Ẹni tó fi ìbínú bó ẹ̀wà, èèpo ló máa bá lẹ́nu.” Mo ti wí i fún àwọn ọmọ tèmi àti àwọn ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó ń bó ẹ̀wà mọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wí i.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì kì í ṣe ẹbí wa nípa ẹ̀jẹ̀. Bàbá ló mú un wá láti Abẹ́òkúta, ó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ní mọ́ọ̀lù kan, ó sì ń sùn ní pálọ̀ wa lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìwé ìgbélùú tirẹ̀ pé. Láràárọ̀, bó ti wù kí ó ti pẹ́ tó, yóò jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì tútù. Kì í ṣe pé yóò kàn tẹ̀ ba bí àwọn ọmọ Èkó. Àyà rẹ̀ máa ń kan ilẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Bàbá á tẹ̀ síwájú, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ní, “Dìde, àbúrò mi.” Mo rí i tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mo fi rò pé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nìyẹn, pé bí Bọ̀ọ̀dá ò bá tíì kan ilẹ̀, oòrùn ò ní yọ.

Ilé-iṣẹ́ Bàbá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ó lọ sinmi ná, ìsinmi náà ò sì lópin. Wọ́n fagi lé físà rẹ̀, àsìkò tí ìjọba fún un láti fi jáde kúrò nílùú kọjá, kò jáde. Oyún àbúrò mi wà nínú Màmá nígbà náà, iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Màmá nìkan ló sì kù tí ń gbọ́ bùkátà ilé. Wọn ò bá mi jókòó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a fi pákó pín kì í pa àṣírí mọ́. Bí ọlọ́pàá bá mú Bàbá, wọ́n á dá a padà sí Èkó, wọn ò sì ní jẹ́ kí ó wọlé mọ́. Bí ó bá rí ọ̀gá tuntun tó máa gba físà fún un kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ilé wa á dúró. Ohun tí gbogbo wa ń gbàdúrà lé lórí nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá lórí ẹní tirẹ̀, Màmá lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àárín àkókò yẹn ni géèmù náà dé. Ìdílé kan kó kúrò ní òkè karùn-ún láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì to ẹrù tí wọn ò lè gbé ti agolo ìdọ̀tí ńlá ìsàlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gun òkè dé pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù kan àti páàdì méjì lábẹ́ apá. Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ràṣíìdì, ṣé agolo ìdọ̀tí lo wá ń ná lọ́jà báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí mi, mi ò lè ra nǹkan kan ní mọ́ọ̀lù tí mò ń ṣọ́. Èyí tápá mi ká rèé.” Géèmù ogun ni. Ìlú kan nínú aṣálẹ̀, ilé tó ti wó, àwọn sójà. Ẹni méjì lè gbá a pọ̀, tẹlifíṣọ̀n á là sí méjì, tèmi lókè, ti Bọ̀ọ̀dá nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀tá tó ń bá wa jà kò ní ènìyàn nínú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn. Tí Bọ̀ọ̀dá bá ti Jímọ̀ dé, tí a sì ti jẹun, òun àti èmi máa ń jókòó sórí káńpẹ́ẹ̀tì, a ó bẹ̀rẹ̀.

Mo ń kú ṣáá ni. “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n ń yìnbọn lù?”

“Nítorí pé ò ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tó jí iṣu jẹ.”

“Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀!”

“Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo lóṣòó. Yalla, ó yá, jíǹde, òkú. Jẹ́ ká tún un ṣe, ká wo ẹni tí wọ́n máa mú.”

Bó ṣe di pé a ń wádìí wọn nìyẹn. Èmi á dúró sí gbangba, òun á lóṣòó sẹ́yìn ògiri. Ìgbà mìíràn, òun á yìnbọn, èmi á dúró jẹ́ẹ́. A rí i pé wọn kì í kórìíra ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n dà bí olùkọ́ tó ń fún ọmọ ní máàkì. Bí o bá sún mọ́ wọn, máàkì rẹ gòkè. Bí o bá wà ní gbangba tí wọ́n rí gbogbo ara rẹ, ó tún gòkè. Bí o bá sáré, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá rìn ní ìlóṣòó, wọn ò gbọ́. Ẹni tó yìnbọn lù wọ́n kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọjú sí, àfi bí ẹlòmíràn bá ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ lójú wọn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù, òun ni ìbọn ń bọ̀ wá bá. Tí wọ́n bá sì ti yan ẹnìkan, wọn kì í tètè yí ojú kúrò lára rẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe géèmù náà ò fẹ́ kí wọ́n máa mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí alángbá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní yunifásítì, olùkọ́ kan ń ṣàlàyé fún wa bí ẹ̀rọ ṣe ń fi òǹkà ṣe ìpinnu. Gbogbo kíláàsì ń kọ̀wé, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ òórùn àkàrà.

Ohun méjì ló yà mí lẹ́nu jù nínú ìwà àwọn ọ̀tá yẹn. Èkíní ni pé ìbọn àkọ́kọ́ kì í sábà bà wá. Ògiri ló máa ń bà, eruku á sọ, a ó sì mọ̀ pé ó yẹ ká sá. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn tó ṣe géèmù náà ló ń ṣàánú wa, kí ó má baà tètè sú wa. Mo gbà nígbà yẹn pé bẹ́ẹ̀ náà ni ayé rí, pé ìbọn àkọ́kọ́ máa kọ́kọ́ ba ògiri. Èkejì ni pé bí o bá sá mọ́ wọn lójú, wọn kì í mọ ibi tí o wọ̀. Ibi tí wọ́n ti rí ọ kẹ́yìn ni wọ́n máa gbà lọ. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á yí i ká, wọ́n á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé, oníkálùkù á padà sí ibi tó ti ń ṣọ́nà tẹ́lẹ̀.

Bàbá máa ń jókòó sórí àga lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí kì í ṣí sí ojú ewé kejì. Èmi rò pé kò wò wá. Lọ́jọ́ kan ló sọ̀rọ̀. “Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Àwọn tó dúró sí gbangba?” Àwọn sójà kan wà tí ẹ̀rọ náà fi ń tì wá lẹ́yìn, tí àwọn náà ń yìnbọn, tí wọ́n ń pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá àwọn yẹn lóhùn,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Ọ̀tá ò kà wọ́n kún. Àwa tí a di páàdì mú nìkan ni wọ́n ń wá.”

“Wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò rí wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n kàn pọ̀ ṣáá ni.”

Bàbá ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló mú aṣọ iṣẹ́ búlúù kan wálé láti Muhaisnah, irú èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ pọ̀, tí àwọn lébìrà máa ń wọ̀. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ayé ìgbà tó wà níṣẹ́, gbà láti máa gbé e láàárọ̀, kí ó sì máa já a sílẹ̀ níwájú ilé wa nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀sán ni ó fi ń wá iṣẹ́ kiri ní Dubai nínú aṣọ yẹn. Kò sí ẹni tó ń wo lébìrà. Èyí tó dùn mí jù ni ti bàtà. Bàtà dúdú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń kùn ún lọ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí Màmá fi sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún mi pé kí n má fi pólíìṣì ṣòfò mọ́.

Ní alẹ́ tí aṣọ náà wọlé, Bàbá pè wá jọ. “Láti òní lọ, níta, ẹ ò mọ̀ mí.”

“Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí,” Màmá fi tì í lẹ́yìn.

Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Nínú ilé, dọ̀bálẹ̀ títí táìlì á fi tú. Níta, kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná.” Kò rẹ́rìn-ín bó ti ń wí i, Bọ̀ọ̀dá náà sì gbé ẹ̀rín tirẹ̀ mì.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún àkókò tó gùn. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé bí bọ́ọ̀sì ṣe ń dúró, tí àwọn lébìrà ń bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ búlúù, tí èmi náà gan-an kì í tètè dá Bàbá mọ̀ láàárín wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ìpè àdúrà tó dún, Màmá ní kí n lọ da ìdọ̀tí nù. Nígbà tí mo dé ìdí agolo ńlá náà, ọkùnrin méjì fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò eléruku, wọ́n ń mu tíì nínú ife pépà. Àwọn CID ni, ìyẹn ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ bàtà wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n tẹjú mọ́. Bọ́ọ̀sì dúró. Àwọn lébìrà bọ́ sílẹ̀, Bàbá wà láàárín wọn. Ojú àwọn CID gba orí gbogbo wọn kọjá bí omi ṣe ń gba orí òkúta kọjá, wọ́n sì tún padà sára ẹni tó ń ta káàdì. Inú mi dùn. Mo ń wí nínú ara mi pé wọn ò kà wá kún.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì ló yọ láti ìgun ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀ṣọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, báàjì ń dán láyà, ó sì ń sáré. Ó ti lọ bá ọkùnrin kan ní Al Mamzar nítorí Bàbá, ọkùnrin náà sì ti gbà láti fún un níṣẹ́ àti físà. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n! Ó ti gbà! Ọkùnrin yẹn ti gbà!” Kí n tó mí, ó ti dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, nínú iyanrìn, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá fún àgbà, ìdúró kọ́ ló fi ń jẹ́ ẹ.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé ife wọn lé orí mọ́tò. Wọn ò kánjú, wọn ò sì bínú. Mo mọ ìrìn náà láti inú géèmù. Ọ̀dọ́ tó ń ta káàdì ti pòórá, wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ku Bàbá nìkan ní gbangba pẹ̀lú ọkùnrin aláṣọ funfun tó nà gbalaja síwájú rẹ̀. “Inta,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó nàka sí Bàbá. “Batáká?” Ó na ọwọ́ fún káàdì ìdánimọ̀. Bàbá fọwọ́ kan àpò rẹ̀ lásán. Ọlọ́pàá kejì bojú wo Bọ̀ọ̀dá, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ni lébìrà yìí jẹ́ sí i tó fi sùn sílẹ̀ fún un.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. Iyanrìn ṣì wà láyà rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì burú, bí ẹni tí ọmọ kékeré ṣe àwàdà fún ni.

Ìgbà náà ni Bàbá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ojú ọlọ́pàá ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ẹni tó ń ṣàlàyé ibi tó ti ń bọ̀. “Ràṣíìdì, má wo òkè. Màmá Délé wà lójú fèrèsé, má jẹ́ kí wọ́n mọ ilé. Délé, da ìdọ̀tí rẹ nù. Má pè mí.” Mo gbé ọ̀rá náà sókè, mo dà á sínú agolo, mo pa ìdérí dé. Nígbà tí mo yíjú, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò wọn fún un. Ó tẹrí ba wọlé. Kò wẹ̀yìn, mo sì mọ ìdí tí kò fi wẹ̀yìn.

Mo bá Màmá lójú fèrèsé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kò sunkún títí Bọ̀ọ̀dá fi dé. Bọ̀ọ̀dá ò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. “Àǹtí mi, ara mi ló ṣe é. Mo búra, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀.”

“Wọlé,” Màmá dá a lóhùn. “Ṣé ká wá máa bá ẹ wí pé wọ́n kọ́ ẹ nílé ni?” Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ni ẹkún dé.

Wọ́n dá Bàbá padà sí Èkó. A máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ó sì máa ń béèrè bóyá mo ṣì ń bó ẹ̀wà. Àbúrò mi wáyé, Bàbá gbọ́ igbe rẹ̀ lórí fóònù náà. Àìsàn mú Bàbá ní Èkó, ó kú kí àwa tó padà sílé. Nítorí náà, ibi tí mo ti rí i kẹ́yìn ni ẹ̀gbẹ́ agolo ìdọ̀tí yẹn, níwájú bọ́ọ̀sì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ṣẹ́kù fún wa ní Sharjah ni mo fi dúró lójú fèrèsé, tí mò ń wo àwọn aláṣọ búlúù bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gbé ẹ̀rọ géèmù náà padà sísàlẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ti gbé e lọ. Àwọn ọ̀tá inú rẹ̀ máa ń yí ibi tí wọ́n ti rí wa kẹ́yìn ká, wọ́n á gbàgbé, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èmi ò tíì padà.

Irun mi ti ń funfun nígbà tí mo lọ wo Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì ní Abẹ́òkúta. Kí n tó dé ilé rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti sọ fún mi pé baba náà gbéraga: kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe lémọ́ọ̀mù, ìbáà ṣe baálẹ̀, ọwọ́ ló máa ń nà síni. Mo bá a lórí àga níwájú ilé, ó ti tín-ín-rín. Mo yọ bàtà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àyà mi kan ilẹ̀, bí mo ṣe rí i tó ń ṣe láràárọ̀. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ọwọ́ náà ò dé. Mo gbójú sókè. Ó ti dìde dúró, ó sì ń wo ojú ọ̀nà, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wo mọ́tò kan tó dúró lábẹ́ igi títí tó fi dá a lójú pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó tẹ̀ ba, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Dìde, ọmọ mi,” ó wí. “Wọn ò rí wa.”